Èérún Igi Nínú Omi

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn.
Ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ló gbé lé mi lọ́wọ́,
ó ní, “Ẹ bá wa yára, kò lè mí dáadáa.”
Mo yí ìgò sí iná, mo ka orúkọ:
Lásísì Odùṣọ̀gà. Ọkùnrin. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ta ló wà ní Èpé tí kò mọ agbẹ́-ọkọ̀ yìí,
ẹni tó ń fi èékánná kan pákó, kọ́-kọ́-kọ́,
tí á ní, “Èyí kò ní í gbé ọ dé Ẹ̀jìnrìn.”
Gẹdú ló wó lé e lẹ́sẹ̀ lóṣù tó kọjá.
Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í láti kókósẹ̀ dé itan,
ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jókòó sójú kan
bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí omi gbẹ lábẹ́ rẹ̀.
Ẹsẹ̀ tí kò rìn, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ a máa sùn;
ẹ̀jẹ̀ tó bá sùn pẹ́, a dì.
Èyí tó dì náà ló já lóru yìí,
ó gba inú ọkàn kọjá,
ó lọ há sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró
bí òṣíbàtà tí ìjì kó wá dí èbúté.

Ìgò aláwọ̀ aró ni mo kọ́kọ́ bi léèrè:
ṣé ẹ̀jẹ̀ dì níbì kan? Ó ní ó dì.
Dì-dáímà nìyẹn. Aláriwo ni,
a máa ké “Iná! Iná!” láìsọ ilé tó ń jó,
yálà àdìrò ni o, tàbí odidi àdúgbò.
Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ mọ níbẹ̀.
Ohun tí dókítà ń dúró dè yàtọ̀:
báwo ni ọkàn ṣe ń jìyà tó lẹ́yìn ìdènà náà?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá Lásísì
ti ọwọ́ bọ omi tó wà nídìí ọkọ̀ wa,
tó yọ èérún igi méjì, tó gbé e síwájú mi.
“Má bi ọkọ̀ bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀.
Wo ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ sínú omi.”

Tíróponíìnì. Èérún ọkàn.
Bí yàrá ọ̀tún bá ń tì, tí ilẹ̀kùn kò ṣí,
tó ń tì, tó ń tì,
ara rẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.
Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì gbà á kí jẹnẹrétọ̀ tó jí.
Mo ka nọ́ńbà. Mo tún un kà.
Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ.
Èkejì rẹ̀, èyí tí ọkàn ń tú jáde
nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ga.

Mo pe Dókítà Hùnsù. “Ìfúnpá rẹ̀ ńkọ́?”
“Ó ṣì dúró. Ó tiẹ̀ ń bá wa ṣàwàdà.”
Ẹnu ń ṣàwàdà, ìfúnpá ń bá a parọ́,
èérún igi ti wà nínú omi.
Wọn ò dá a padà sí wọ́ọ̀dù gbogbogbò mọ́.
Wọ́n gbé e síbi tí ojú kò ti ní kúrò lára rẹ̀,
òògùn líle tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà nítòsí,
wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nọ́ńbà kì í ṣe àdúrà, n kò ní purọ́.
Mo ti rí èyí tó kéré tí ẹni tó ni ín kú.

Aago mẹ́jọ, ìgò mìíràn dé.
Ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.
Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá bí mo ṣe ń lọ sílé.
Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ìbomú afẹ́fẹ́ ń ṣú, ó ń mọ́,
èékánná rẹ̀ ń kan irin ibùsùn, kọ́-kọ́-kọ́,
bí ẹni tó ń wò ó bóyá yóò gbé òun dé Ẹ̀jìnrìn.